Tíì Dúdú Lọ́wọ́ Agbọ́tí

Èmi Dẹ́bọ́rà kì í ṣe onísùúrù, mi ò sì fi bò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ṣe fọ́tòkópì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjànikin mọ̀ pé bí ìwé bá há sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n yáa sún sẹ́yìn, kí n kọ́kọ́ bá ẹ̀rọ náà jà tán. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, kò sí ẹ̀rọ tó bí mi nínú tó bàbá mi.

Zinsu ni wọ́n ń pè é. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, Ègùn ará Gbẹrẹfu ní òdìkejì omi Àgbádárìgì, apẹja tó ti fi àwọ̀n sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Ìyá mi ti kú tipẹ́. Bàbá lọ fi ara han dókítà, dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ráhùn, kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí mọ́ láyé. Bàbá kò jiyàn. Láti ọjọ́ náà kò mu ẹ̀kán ọtí kan. Ó yẹ kí n máa jó, àbí? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà gan-an ni kò ti jáde lọ sábẹ́ àgbọn mọ́.

Abẹ́ àgbọn yìí kò jìnnà. Ẹ̀yìn ilé wa ni, níbi tí iyanrìn ti tẹ́jú kí ènìyàn tó dé etí òkun. Igi àgbọn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ wọn. Lọ́sàn-án, bí ọkọ̀ ẹja bá ti gúnlẹ̀ tí àwọn obìnrin sì ti kó ẹja lọ, àwọn àgbà á jókòó síbẹ̀. Bàbá Rewájú ni olórí wọn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun ló sì máa ń pe orúkọ àwọn tó ti lọ. Ajíbọ́lá, tó fi ọgbọ̀n ọdún gba ẹrù àwọn oníṣòwò jáde ní Sẹ̀mẹ̀, ni aláròyé wọn. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Alàájì Mukhtar kì í mu ọtí ní tirẹ̀, mùsùlùmí ni. Omi àgbọn ló ń mu, á máa fi àwọn tó kù rẹ́rìn-ín bí ojú wọn bá ti ń pọ́n. Bàbá mi wá ni agbọ́tí.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni. Sódabì ni wọ́n ń mu, ọtí líle tó ń ti ìhà Kútọnu wọlé, ife kékeré tí ènìyàn lè fi pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n sì fi ń mu ún. Agbọ́tí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan burúkú nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò dà díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn baba, Bàbá Rewájú á pe orúkọ wọn, ife á wá máa yí láti àgbà dé àgbà, ọgbọọgba, láìṣe ojúsàájú. Ọwọ́ bàbá mi kì í gbọ̀n. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe é. Òfin ibẹ̀ sì ni pé ẹni tí kò bá lè tọ́ ọ wò kò lè bù ú.

Mo ní, “Bàbá, ẹ kúkú lọ jókòó bíi ti Alàájì, kí ẹ máa mu omi àgbọn.”

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ jókòó láàárín àwọn aboyún. “Mukhtar kò di ìgò mú rí. Èmi ni kí n wá jókòó, kí n máa wo ìgò lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Ovi ṣie, ọmọ mi, jẹ́ kí n gbọ́ rédíò mi.”

Bó ṣe di ti rédíò nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní orí ń fọ́ òun. Wọn ò wá mọ́. Ẹ̀wù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù ú. Bí mo bá lọ kí i lọ́jọ́ Sátidé, inú ilé ni mo ń bá a, nídìí fèrèsé tí kò kọjú sí òkun, kó má bàa rí wọn. Mo máa ń bínú sí i, mo máa ń pariwo, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rí i pé ìjókòó yẹn ni yóò pa á, kì í ṣe ẹ̀dọ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Aaliyah gbé ìwé ìdánwò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ àdúgbò wa ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kẹ́místírì, ó sì ti gbé ọdún mẹ́ta ní Ṣáínà nígbà tó lọ kàwé kún ìwé. A ṣe ojú ìwé mẹ́rin, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ mi sì wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́. Mo ti ń la ẹnu láti ṣépè nígbà tí ó ní, “Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi ká lọ mu tíì kí iná tó dé.”

“Tíì? Nínú ooru yìí?”

“Ẹ ṣáà máa bọ̀.”

Mo tẹ̀ lé e nítorí pé mo rò pé búrẹ́dì yóò wà níbẹ̀. Mílíìkì kò sí, ṣúgà kò sí, ká tó máa sọ búrẹ́dì. Ohun tó gbé kalẹ̀ ni nǹkan róbótó kan tí wọ́n fi bébà funfun wé, tí wọ́n kọ èdè Ṣáínà sí lára. Ó tú u. Ó dúdú, ó le, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun ọmọdé.

Mo ní, “Ọṣẹ dúdú rèé.”

Ẹ̀rín pa á. Ó ní púẹ̀ lorúkọ rẹ̀, ewé tíì ni. Ó ní wọ́n á kó ewé náà jọ gègèrè, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ fún bí oṣù kan àbọ̀, á máa gbóná fúnra rẹ̀, á máa yí padà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń bo irú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á sì gbé e pamọ́ kó máa gbó. Bó bá ṣe ń gbó sí i ni iyì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èyí tó wà níwájú wa yìí ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún.

“Ewé ọdún mẹ́rìndínlógún! Aaliyah, kí ni mo ṣe fún ọ?”

Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yọ ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ó dà á sínú ife funfun kan tó ní ọmọrí. Omi ti ń hó lórí gáàsì. Ó da omi gbígbóná náà lé e, kò dúró rárá, ó dà á nù kíá sínú abọ́. Ó ní ìyẹn ni wọ́n fi ń fọ eruku ara rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń jí ewé náà. Ó tún da omi sí i, ó ka oókan dé ẹẹ́wàá, ó wá sẹ́ ẹ sínú jọ́ọ̀gì dígí kékeré kan. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó pọ́n létí. Láti inú jọ́ọ̀gì ló ti bù ú sínú ife méjì, kékeré, kékeré tó fi jẹ́ pé mo bi í bóyá ti ọmọlangidi ni.

Mo gbé e súnmọ́ imú. Òórùn ilẹ̀ ilé ìyá àgbà mi lẹ́yìn òjò ni mo gbọ́, àti pákó ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó. Mo mu ún. Mo wá ibi tí mo lè tu ú sí, kò sí, mo gbé e mì.

“Báwo ló ṣe rí?” ni Aaliyah bi mí.

“Mo ti jẹ erùpẹ̀.”

Ó bu èkejì. Èkejì kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bu ẹ̀kẹta, mo ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn tí mo gbé e mì tán, adùn kan jáde láti ọ̀nà ọ̀fun mi, adùn tí kò sí lẹ́nu nígbà tí mo ń mu ún. Mo ní kó bu òmíràn kí n wò ó dáadáa. Ewé kan náà ló ń lò, omi ló kàn ń dà sí i, síbẹ̀ ẹ̀kẹrin yàtọ̀ sí ẹ̀kẹta, ó rọ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní imú mi. Àyà mi gbóná, ara mi fúyẹ́, ìbínú iná tó lọ ti fi mí sílẹ̀. Ní ìgbà kẹfà, mo tẹjú mọ́ ife kékeré tó wà lọ́wọ́ mi, mo wo jọ́ọ̀gì, mo wo Aaliyah tó ń bù ú fún mi lọ́gbọọgba, mo sì fò dìde.

“Aaliyah! Agbọ́tí ni ọ́!”

Ó sá sẹ́yìn. Ó rò pé tíì ti gùn mí. Mo jókòó, mo wá ròyìn bàbá mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, abẹ́ àgbọn, sódabì, rédíò, gbogbo rẹ̀. Nǹkan líle ni, ó ti gbó, ife kékeré ló ń lọ pẹ̀lú rẹ̀, ó ń yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó nílò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, kò sì sí ọtí nínú rẹ̀. Kí la tún ń wá? Aaliyah ní kí n kọ́kọ́ bi dókítà ná. Mo pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà, kí wọ́n má ṣáà fi ṣúgà sí i, kí bàbá má sì mu ún lálẹ́ tó bá fẹ́ rí oorun sùn.

Aaliyah fún mi ní ìdajì tíì náà, ó yá mi ní ife ọlọ́mọrí, jọ́ọ̀gì àti ife kékeré mẹ́fà. Ó ní kí n máa fi dánra wò nílé. Èmi tí mo mọ ohun gbogbo, mo gbé ewé náà sórí iná bí ẹni se àgbo, mo lọ fọ aṣọ. Ìgbà tí mo fi máa dé, ó ti dúdú bí ọ̀dà. Rótìmí ọkọ mi mu ife kan, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá fi sùúrù bi mí pé irú àìsàn wo ni wọ́n ń fi wò. Mo padà sọ́dọ̀ Aaliyah lọ́jọ́ kejì láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún kọ́ mi. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka oókan dé ẹẹ́wàá láìṣe kánkán, fún èmi, iṣẹ́ ńlá ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì, mo gbé àpò lé ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Bàbá wà nínú ilé, rédíò ń sọ̀rọ̀. Mo kí i, mo gbé jíjẹ tí mo bá a gbé wá kalẹ̀, mo wá sọ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò tó nǹkan.

“Bàbá, mo fẹ́ lọ bu nǹkan fún àwọn àgbà lábẹ́ àgbọn.”

Ó pa rédíò. “Ta ló fẹ́ lọ bù ú?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ, ọmọ mi? O fẹ́ lọ dúró níwájú Ẹ̀gbọ́n Rewájú, kí o máa bu nǹkan mímu fún wọn? Ta ló yàn ọ́?”

“Kò sí ẹni tó yàn mí. Ẹni tí wọ́n yàn ń gbọ́ rédíò.”

Mo gbé àpò mi, mo jáde kó tó rí èsì fọ̀. Mo ti ń tan iná èédú sábẹ́ kẹ́tù omi nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí iyanrìn. Bàbá ni. Kò wá síbi bẹ́ǹṣì o. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àgbọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó ká ọwọ́ gbera, ó wá wo bí mo ṣe fẹ́ dójú ti ìdílé wa. Àwọn àgbà rí i, kálukú ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Bàbá Rewájú nìkan ló rọra yí ìdí sápá kan lórí bẹ́ǹṣì, tí àyè fi ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ajíbọ́lá ní, “Dẹ́bọ́rà, kí lo gbé wá yìí? Ṣé kọ́fí ni?”

“Tíì ni, ẹ̀yin bàbá. Tíì Ṣáínà. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún.”

“Ọdún mẹ́rìndínlógún!” Ajíbọ́lá na ọrùn. “Èmi kò rí ọtí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá rí. Wọ́n á ti mu ún tán ní ẹnubodè.”

Omi hó. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí Aaliyah ṣe kọ́ mi. Mo da ewé sínú ife ọlọ́mọrí, mo da omi lé e, mo sì da omi àkọ́kọ́ náà nù sórí iyanrìn. Bí ó ṣe kan ilẹ̀ báyìí, Bàbá Rewájú ṣí fìlà rẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ní èdè Ègùn, bàbá rẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀, àwọn tí òkun gbé lọ, gbogbo wọn. Àwọn tó kù ń dáhùn. N kò mọ ohun tí mo máa ṣe, mo kàn tẹrí ba, mo ń ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn mi.

Mo bù ú fún wọn. Ajíbọ́lá gba tirẹ̀, ó gbọ́rùn sẹ́yìn, ó dà á mì lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe ń ṣe sódabì láti ọjọ́ pípẹ́. Ariwo tó ké, àwọn ẹyẹ fò lórí igi. Ó dìde, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó ń fo sókè sódò, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín gba Alàájì Mukhtar débi pé ó di ọwọ́ mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láti ẹ̀yìn, a gbọ́ ohùn bàbá mi. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, igi àgbọn ló ń bá sọ̀rọ̀. “Kò tọ́ ọ wò. Ẹni tó bù ú ìbá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ìbá ti mọ̀ pé ó gbóná.”

Òótọ́ ni. Mo ti gbàgbé pátápátá. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ó sọ̀rọ̀, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé wàhálà gan-an kò tíì dé. Bàbá Rewájú, tí ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, ló yí sí mi.

“Ọmọ Zinsu, o ṣeun. Ta ló kọ́ ọ pé kí o kọ́kọ́ da ti àwọn baba sílẹ̀? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìyẹn mọ́.”

Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, “Ẹ ṣeun, Bàbá.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Ẹnu mi yìí kò sì gbà.

“Rárá o, Bàbá, ìyẹn kì í ṣe tiwọn. Omi tí wọ́n fi ń fọ ewé ni. Eruku ọdún mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń mu ún.”

Ajíbọ́lá pàápàá gbàgbé ahọ́n rẹ̀. Bàbá Rewájú rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

“Omi ìfọ̀,” ló wí. “Mo pe orúkọ bàbá mi sórí omi ìfọ̀.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́...”

“Mo pe gbogbo wọn jáde, wọ́n wá, o sì fún wọn ní eruku mu.” Ó nawọ́ mú ọ̀pá rẹ̀, ó ti ń dìde. “Mukhtar, jẹ́ ká máa lọ.”

Mo ti wà lórí eékún. Mo ń bẹ̀, mo ń ṣàlàyé, bí mo sì ṣe ń ṣàlàyé ló ń burú sí i. Gbogbo ohun tí mo wá tún ṣe ni mo bà jẹ́ tán pátá. Bí Bàbá Rewájú bá fi ìbínú kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá mi kò tún ní ojú tí yóò fi dé abẹ́ àgbọn mọ́ láéláé. Inú ilé náà ni yóò wà títí wọn ó fi gbé e jáde, èmi ni mo sì ṣe é.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.”

Bàbá mi ti kúrò nídìí igi. Ó dúró ní àárín wa, ọwọ́ rẹ̀ kò ká gbera mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ta ni agbọ́tí ibí yìí?”

Bàbá Rewájú wò ó fínnífínní. “Ìwọ ni.”

“Láti ìgbà tí n kò ti wá, ta lẹ fi síbẹ̀?”

Ajíbọ́lá ló dáhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wúwo nítorí ahọ́n tó jó. “Ta la fẹ́ fi síbẹ̀? Kálukú ń bu tirẹ̀. Ìgbà míì kì í dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti tán.”

Ọdún kan àti oṣù méjì, wọn ò yan ẹnikẹ́ni. Mo rí ojú bàbá mi bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ó nà ró, ohùn rẹ̀ sì padà le.

“Ó dára. Ọmọ mi yìí bù ú, ṣé ó tọ́ ọ wò?”

“Kò tọ́ ọ wò,” ni Alàájì dáhùn kíá. Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

“Ẹni tí kò tọ́ ọ wò, ṣé ó ti bù ú?”

“Kò tíì bù ú.”

“Ṣé ẹ rí i báyìí, Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò tíì bu nǹkankan níbí lónìí. Obìnrin yìí ń fọ abọ́ ni. Orúkọ tí ẹ pè, ẹ fi kí àwọn baba wa ni, ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n ti dé, wọ́n ti jókòó, wọ́n ń retí. Ṣé ẹ ó wá dìde kúrò níwájú àlejò tí ẹ fúnra yín pè?”

Bàbá Rewájú fara ti ọ̀pá rẹ̀. Mo rí i pé ó ń wá àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí i. Ó jókòó. “Bù ú nígbà náà,” ló wí.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, oníranù?” Mo sọ fún un. Ó gbé kẹ́tù, ó da omi lé ewé náà láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan ta síta, ó gbé ọmọrí dé e, ó ka iye tí mo ní kó kà. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó bu ife tirẹ̀, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀. Ó fẹ́ ẹ, ó mu ún. Ó dijú.

“Ó ń rùn bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mi,” ló wí. Ó ṣì dijú síbẹ̀. Ó tún fi ahọ́n kan òkè ẹnu rẹ̀, ó dúró, ó gbọ́ ohun tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun. “É yọ́n,” ló wí jẹ́jẹ́. “É yọ́n gánjí. Ó dára púpọ̀.”

Ó da ti àwọn baba sílẹ̀, kò fi ṣahun. Bàbá Rewájú tún ṣí fìlà, ó tún pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́tẹ̀ yìí ó fi orúkọ ìyá mi kún un. Lẹ́yìn náà ni ife bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nígbà tó kan Alàájì Mukhtar, ó kọ́kọ́ wò mí.

“Dẹ́bọ́rà, kò sí ọtí níbẹ̀?”

“Kò sí rárá, Alàájì. Ewé àti omi ni.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà lọ́wọ́ bàbá mi. “Zinsu, gbogbo ọdún tí a ti ń jókòó pọ̀, ọwọ́ rẹ kò fún mi ní nǹkan mu rí.” Ó ṣe bísímílà, ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó sì mú ife dání lẹ́yìn tó ti tán.

Ìgbà kẹta yí, ìgbà kẹrin yí. Ajíbọ́lá ti kọ́ ọgbọ́n, ó ń fẹ́ tirẹ̀ títí ó fi tutù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá ẹ̀kẹta ló dùn jù àbí ẹ̀kẹrin, Bàbá Rewájú ní ọmọdé ló máa sọ pé ẹ̀kẹrin ni. Láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sórí ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ kan tí Ajíbọ́lá tà fún wọn láyé àtijọ́ tí kò tíì ṣiṣẹ́ títí dòní. Bàbá mi ń dáhùn, ó ń bù ú, ó ń bú Ajíbọ́lá, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn nídìí kẹ́tù, mo ń wò ó. N kò rántí fọ́tòkópì, n kò rántí nǹkankan.

Ó wá di ìgbà kan, ó yí ọrùn, ó rí mi.

“Dẹ́bọ́rà, kí lo ṣì ń ṣe níbí? Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà là ń sọ. Máa lọ sílé rẹ, ọkọ̀ ń lọ. Fi kẹ́tù sílẹ̀.”

Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì, ó ti yí padà sí Ajíbọ́lá. Mo kó àpò mi, mo kí wọn, kò sí ẹni tó gbọ́. Nínú ọkọ̀ ojú omi ni ẹkún ti gbà mí, ẹkún pẹ̀lú ẹ̀rín, awakọ̀ ọkọ̀ náà ń bi mí bóyá ẹnìkan ló kú. Mo ní kò sí ẹni tó kú. Odindi ọdún kan àti oṣù méjì, kò sí ọjọ́ kan tí mo dìde láti máa lọ tí bàbá mi kò di ọwọ́ mi mú, tí kò ní, “Dúró díẹ̀ sí i, Dẹ́bọ́rà, díẹ̀ péré.” Lónìí, ó lé mi.